Ìkúnlẹ̀ Sálíù Aláago

Ẹ wá jókòó. Ìwọ, pa fóònù yẹn, àbí kí o gbé e tọ ìyá rẹ lọ nínú ilé. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀, ojú ènìyàn ni mo fẹ́ máa rí, kì í ṣe àtàrí.

Láti àárọ̀ ni ẹ ti ń bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo. Ẹ bi mí ní Hausa, ẹ bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì, ìgbà tí mo kọ̀ tí n kò dáhùn ni ẹ tó rántí pé a bí yín sí ilé Yorùbá. Ẹ ní kí ló dé tí Ìyá Ìdìrísù kò gbé ẹran Iléyá wá lọ́dún yìí. Ẹ ti fọ abọ́ sílẹ̀, mo rí yín. Èyí ẹ̀gbọ́n nínú yín tilẹ̀ ti rẹ́ àlùbọ́sà. Sannunku! Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀kánjúwà.

Ẹran náà kò ní í wá. Kò ní í wá lọ́dún yìí, kò sì ní í wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ má bínú sí ìyá náà, kò ṣẹ̀ yín, kò ṣẹ̀ mí. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí dàgbà ju gbogbo yín lọ, mo sì ti gbé e mì láti ìgbà tí bàbá yín kò tíì mọ ìyá yín. Lónìí ó ti tó kí ẹ gbọ́ ọ, kí ẹ má baà lọ gbọ́ ọ lẹ́nu ará ìta.

Tọ́pẹ́ ẹ̀gbọ́n yín yìí, tó ń kọ́ nípa òfin, wà lára ohun tó fà á. Má wò mí bẹ́ẹ̀, Tọ́pẹ́, n kò bá ọ jà. Lóṣù mélòó kan sẹ́yìn ló wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, tó gbé ìwé òfin ilẹ̀ wa lé orókún, tó ń kà á sókè bí ọmọ tó ń há àkọ́sórí. Ó dé Apá Kẹrìndínlógójì. Ó kà pé ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kàn, aláìṣẹ̀ ni òfin kà á sí títí wọn yóò fi fi ìdí ẹ̀bi rẹ̀ múlẹ̀. Ó kà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ipá mú un sọ̀rọ̀ níbi ìgbẹ́jọ́ ara rẹ̀. Ó kà pé bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ ní kóòtù, kí wọ́n fún un ní ògbufọ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti ní kó dákẹ́. Ó rò pé oorun ló ń kùn mí. Nọ́ńbà ibẹ̀ yàtọ̀ nínú ìwé tí a ń lò nígbà tiwa, àmọ́ ọ̀rọ̀ kan náà ni, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ògbufọ̀ tí wọ́n ń wí níbẹ̀ yẹn, èmi ni.

Ẹ̀yin kò mọ Minna tí mo ń sọ. Bàbá mi kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà, ó sọ̀ níhìn-ín, kò padà mọ́. Ilé tí a kọ́kọ́ gbé, ògiri kan ló pín àwa àti ilé Alùfáà ará Ìlọrin kan níyà, ọkùnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Kùránì. Sálíù ni ọmọ rẹ̀. Ohùn àwọn ọmọ kéú ló ń jí wa láàárọ̀, orin ìjọ Onítẹ̀bọmi tiwa ló ń dí wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ Àìkú, kò sí ẹni tó bínú. Bí Kérésìmesì bá dé, abọ́ ìrẹsì yóò ti ọ̀dọ̀ wa kọjá. Bí Iléyá bá dé, abọ́ ẹran yóò ti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ẹnikẹ́ni kì í sì í dá abọ́ padà lófìfo. Bó jẹ́ ọsàn méjì, bó jẹ́ iyọ̀ ni, ìyá mi yóò wá nǹkan sí i. Ó ní abọ́ tó bá lọ lófìfo ti parí ọ̀rẹ́. Lónìí, ẹ ń ra búrẹ́dì ní Soje, ẹ ń jẹ ẹ́ tán lórí kẹ̀kẹ́ kí ẹ tó délé. Ẹ kò mọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri yín.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹjọ́. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó ń gbé ẹjọ́ lọ sí kóòtù tí kò bá jẹ́ pé ó ti fẹ́ tú ilé ká. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká tún máa ṣọ̀rẹ́. Abẹ́ igi dóńgóyárò ńlá kan ni àwọn àgbà ti ń gbọ́ ẹjọ́, lẹ́yìn ìsìn ọ̀sán Àìkú, àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ará Ìlọrin pọ̀. Òfin ibẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan. Ẹni tó bá kéré jù yóò kọ́kọ́ wólẹ̀, yóò ní, “Mo jẹ̀bi, ẹ má bínú.” Kì í ṣe pé ó jẹ̀bi o! Wọn kò tíì bi í ní nǹkan kan. Ìkíni ni, ọ̀wọ̀ ni, bí ẹni bọ́ bàtà kó tó wọ ilé. Àgbà yóò jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀, yóò wá ní, “Dìde.” Tó bá ti ní kó dìde, inú ti rọ̀ nìyẹn. Ìgbà yẹn ni wọn yóò tó gbọ́ tẹnu ẹni àkọ́kọ́, wọn yóò gbọ́ tẹnu ẹnìkejì, torí agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tó wólẹ̀ tó ní òun jẹ̀bi yẹn ni wọn yóò dá láre. Mo ti rí i tó bí a ṣe ń rí òjò.

Inú ètò yẹn ni mo dàgbà sí. Inú ètò yẹn náà ni mo ti lọ gba iṣẹ́ kóòtù.

Iṣẹ́ akígbe ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Bí adájọ́ bá ń bọ̀ láti yàrá rẹ̀, n óò kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mẹta, gbà, gbà, gbà, n óò lọgun, “Kóòòtù!” Gbogbo ènìyàn yóò dìde, títí kan lọ́yà tó ń sùn. Ó wọ̀ mí lára débi pé lọ́jọ́ Àìkú kan, mo ń tòògbé ní ṣọ́ọ̀ṣì, olùṣọ́-àgùntàn fi ọwọ́ gbá tábìlì níbi tó ti ń wàásù, mo fò dìde, mo kígbe, “Kóòòtù!” Ẹ jọ̀wọ́, gbogbo ìjọ ló bá mi dìde. Màmá yín àgbà kò bá mi sọ̀rọ̀ di ọjọ́rú.

Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Kò burú.

Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé mo gbọ́ Hausa, mo gbọ́ Nupe díẹ̀, mo gbọ́ Gbágyí tí mo kọ́ lọ́jà, pẹ̀lú Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n sọ mí di ògbufọ̀. Ọwọ́ mi ni Bíbélì àti Kùránì tí àwọn ẹlẹ́rìí fi ń búra máa ń wà. Kò sí kọ́ńpútà. Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ń fi ọwọ́ kọ gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹlẹ́jọ́ yóò sọ gbólóhùn kan, n óò túmọ̀ rẹ̀, gbogbo ilé yóò dákẹ́, bírò adájọ́ yóò máa dún lórí bébà, kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀. Tó bá gbé orí sókè, a ó tún máa bá a lọ. Ohun tí bírò náà kò bá kọ, lójú òfin kò ṣẹlẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ ẹnì kan lọ́rùn, ìwé òfin ti to àkàbà fún un. Láti kóòtù kékeré tiwa, ó lè gba kóòtù gíga lọ, kó kọjá sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, títí dé èyí tó ga jù lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Gómìnà kò lè ránṣẹ́ sí adájọ́ pé báyìí ni kó dá a. Olówó kò ju tálákà lọ níbẹ̀, nínú ìwé. Ó wú mi lórí, àbùmọ́ kọ́! N óò wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun mi, n óò máa rìn lọ ní àdúgbò Shango bí ẹni pé èmi ni mo kọ ìwé òfin náà. Àmọ́ ohun kan wà tí n kò mọ̀ nípa ara mi. Ẹnu mi ló wà ní kóòtù. Ọkàn mi ṣì jókòó sábẹ́ igi dóńgóyárò.

Sálíù ti di aláago nígbà náà. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Bosso, ó ń tún aago ọwọ́ àti aago ara ògiri ṣe. Bí ẹ bá wọlé, ogójì aago ló ń dún pọ̀, kò sí méjì tó fẹnu kò. Mo bi í rí pé báwo ló ṣe ń mọ ohun tí aago wí. Ó ní, “N kò gbọ́ tiwọn. Ìpè ìrun ni mo ń gbọ́.” Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Kì í kọ ìwé fún ẹni tó bá gbé aago wá, ojú ló fi ń mọ gbogbo wọn.

Àìkọ̀wé yẹn ló kó bá a. Kọńtírátọ̀ olówó kan fi aago wúrà rán dírẹ́bà rẹ̀ sí i. Sálíù tún un ṣe, dírẹ́bà padà wá gbà á. Ìyá Gbágyí kan tó ń ta iṣu níwájú ṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀, ojú rẹ̀ ló ṣe, ó tilẹ̀ bá dírẹ́bà náà ṣe ẹ̀fẹ̀ pé aago náà ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Dírẹ́bà délé, ó ní òun kò rí aago gbà. Ó di ti ọlọ́pàá. Ó di ti kóòtù, kóòtù tí mo wà gan-an.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́, wọ́n ti gba onídùúró rẹ̀, mo lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó fi awò kékeré sójú kan, ó ń tún aago ọwọ́ tèmi ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, aago mi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, “Sálíù, gbọ́ tèmi. Bí wọ́n bá ka ẹ̀sùn náà lọ́la, sọ pé o jẹ̀bi, kí o sì kúnlẹ̀.”

Ó yọ awò. “Mo jẹ̀bi kí ni? Wallahi, dírẹ́bà gba aago yẹn lọ́wọ́ mi. Ìyá oníṣu ti ní òun á wá sọ ọ́.”

“Ta ló ń bi ọ́ léèrè ẹ̀bi? Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Adájọ́ yìí, onínúure ni. Mo ti rí i tó kìlọ̀ fún àwọn tó bẹ̀bẹ̀, tó ní kí wọ́n máa relé. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí o bá olówó yẹn fà á, lọ́yà mẹ́ta ni yóò kó wá. Kí lo fẹ́ fi bá wọn jà? Okùn aago?”

Ó tún gbé awò sójú. Àwọn aago ń dún. Ó ní, “Ṣé bí ó ṣe rí níbẹ̀ nìyẹn?”

“Èmi ni mo wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, àbí ìwọ ni?”

“Kò burú,” ó wí. “Ìwọ lo mọ ibẹ̀.”

Ìwọ lo mọ ibẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ, bí mo bá ń gbàdúrà, mo ń gbọ́ ọ. Bí mo bá ń jẹun, mo ń gbọ́ ọ.

Ilẹ̀ mọ́. Wọ́n pe ẹjọ́. Adájọ́ ní kí n ka ẹ̀sùn fún un ní Yorùbá, mo kà á, n kò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Iṣẹ́ ògbufọ̀ tí mo ṣe lọ́jọ́ náà, kò sí àléébù nínú rẹ̀. Adájọ́ bi í bóyá ó yé e. Ó ní ó yé òun. Adájọ́ bi í bóyá ó fẹ́ lọ́yà, ó ní ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Sálíù kò wo adájọ́. Èmi ló wò. Mo mi orí, díẹ̀ báyìí. Bí eṣinṣin bá bà lé ènìyàn létí, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe mi orí. Ó ní òun kò fẹ́. Bírò dún, kẹ̀rẹ̀ kẹ̀rẹ̀. Bírò kò kọ orí tí mo mì.

“Ṣé o jẹ̀bi tàbí o kò jẹ̀bi?”

“Mo jẹ̀bi, ẹ má bínú.”

Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, àmọ́ àpótí ẹlẹ́jọ́ kò gbà á, igi ló yí i ká. Ó bá kúnlẹ̀ síbẹ̀. A kò rí orí rẹ̀ mọ́. Ìka mẹ́wàá rẹ̀ nìkan la ń rí lórí igi náà, ìka tẹ́ẹ́rẹ́, ìka ẹni tó ń mú nǹkan kéékèèké. Adájọ́ ń kọ̀wé, ó pẹ́ tó ń kọ ọ́. Nígbà tó parí, ó ní kó dìde. Mo túmọ̀ rẹ̀: “Dìde.” Sálíù dìde, ẹ̀rín sì wà lójú rẹ̀. Ó rò pé ó ti tán. Lọ́dọ̀ wa, ó yẹ kó ti tán.

Adájọ́ kì í ṣe ènìyàn búburú. Ó ṣe ohun tí ìwé tó wà níwájú rẹ̀ ní kó ṣe. Ó ní oníṣẹ́ ọwọ́ tí aráàlú fi ohun ìní wọn sọ́wọ́ rẹ̀, tó jalè, tó sì ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, kò yẹ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́wọ̀n. Èmi ni mo tún túmọ̀ ìyẹn fún un. Ẹ̀rín náà kò tíì kúrò lójú rẹ̀ tán nígbà tí mo ń sọ ọ́.

Mo jáde síta láti gba afẹ́fẹ́. Ìyá Gbágyí yẹn jókòó síbi àtẹ̀gùn, ẹrù iṣu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èyí tó fi èjìká ru wá láti ilé bí wọ́n ṣe ń ṣe. Aṣọ tó dára jù ló wọ̀ fún kóòtù. Ó ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀ kùtù. Ó ní, “Ba a kira ni ba?” Ó ń bi mí pé ṣé wọn kò pe òun ni. Mo ní, “Sai haƙuri, Mama,” pé kó ṣe sùúrù. Ó gbé ẹrù rẹ̀ lé èjìká, ó lọ.

Ọmọ mi, bu omi fún mi.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ọwọ́ tẹ dírẹ́bà náà ní ìlú mìíràn lórí ọ̀rọ̀ mìíràn, aago wúrà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Olówó gba aago rẹ̀, kò wí fún ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ìròyìn dé kóòtù. Lọ́yà obìnrin kan wà tó máa ń ran àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó wá bá mi nídìí tábìlì mi. Ó ní ọjọ́ tí òfin fi sílẹ̀ fún kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti kọjá, ṣùgbọ́n ènìyàn ṣì lè tọrọ àyè. Ó ní ohun kan ṣoṣo ló ń dí òun lọ́wọ́: àkọsílẹ̀ sọ pé ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé òun jẹ̀bi. Àwọn adájọ́ òkè kò ní í rí ojú rẹ̀, ìwé ni wọn yóò kà. Ó fẹ́ ẹni tí yóò búra, tí yóò sọ ìdí tí ẹni tó ní ẹlẹ́rìí fi ní òun jẹ̀bi. Ó wò mí lójú. “Bàbá ògbufọ̀, ta ló gbà á nímọ̀ràn?”

Mo ro iṣẹ́ mi. Mo ro bàbá yín tó fẹ́ wọ ilé ìwé gíga. Mo ro ipò díákónì tí wọ́n fẹ́ fi mí jẹ. Ìwé òfin ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu mi.

Mo ní, “N kò mọ̀.”

Èyí àkọ́kọ́, àìmọ̀ ni. Ẹ lè dárí rẹ̀ jì mí. Èyí kejì yìí, ojo ni. Ojú tì mí láti sọ ọ́ fún yín, àmọ́ ojo ni.

Sálíù lo ọdún rẹ̀ pé, ó jáde. Ó gbẹ bí igi ìdáná. Ilé mi ló kọ́kọ́ yà. Ó mú aago mi jáde nínú àpò, ó ní, “Aago rẹ rèé. Ó ti ń ṣiṣẹ́.” Kò wí jù bẹ́ẹ̀ lọ. N kò wọ aago náà rí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣí padà, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé aago lọ fún ẹlẹ́wọ̀n? Agboòrùn àti tọ́ọ̀ṣì ló ń tún ṣe títí ó fi kú.

Lọ́dún tó jáde yẹn gan-an ni ẹran Iléyá bẹ̀rẹ̀ sí í dé. A ti kúrò ní ilé ògiri kan yẹn, mo ti kọ́ ilé yìí, mo rò pé àṣà náà ti kú. Mo rí ọmọbìnrin rẹ̀, Ràlí, ẹni tí ẹ ń pè ní Ìyá Ìdìrísù lónìí, kò ju báyìí lọ, tó ru abọ́ tánganran lórí. Ó kúnlẹ̀. “Bàbá mi ní kí n gbé e wá fún yín. Wọ́n ní ẹ ṣeun tí ẹ dúró ti àwọn ní kóòtù.” Mo gbé ẹran náà fún màmá yín àgbà. Mo wá ọsàn sínú abọ́, mo dá a padà. Lọ́dún kejì, ó tún dé, ọ̀rọ̀ kan náà. Bàbá rẹ̀ kú, kò dáwọ́ dúró. Ó wọlé ọkọ, ó bímọ, ewú bà á lórí, abọ́ náà ń bọ̀. “Ẹ ṣeun tí ẹ dúró ti bàbá mi ní kóòtù.” Ẹ̀yin ń jẹ ẹran, ẹ ń lá ọwọ́. Ẹ kò rí i pé n kò fẹnu kàn án rí.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn Iléyá, Ìdìrísù ọmọ rẹ̀ rí ọmọ kan fẹ́ ní Ìlọrin. Ọmọ dára, ìfẹ́ wà. Àwọn ará ilé ìyàwó wá ṣe ìwádìí ní Minna bó ṣe yẹ, ẹnì kan sì sọ fún wọn pé bàbá àgbà ọmọkùnrin yìí ṣẹ̀wọ̀n olè. Wọ́n ní àwọn kì í fọmọ fún ìdílé olè. Ràlí wá sunkún níhìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ wà ní kóòtù. Ẹ bá wa sọ fún wọn.” Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Tọ́pẹ́ ń ka ìwé òfin sí mi létí.

Arákùnrin bàbá ìyàwó àti ọ̀dọ́kùnrin kan ni wọ́n rán wá. Wọ́n jókòó síbi tí ẹ jókòó sí yìí. Ràlí jókòó sórí ẹní, Ìdìrísù dúró lẹ́yìn rẹ̀, Tọ́pẹ́ wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní Sálíù kì í ṣe olè. Arákùnrin náà, ènìyàn pẹ̀lẹ́ ni, ó ní, “Bàbá, a gbà yín gbọ́. Àmọ́ ìwé kóòtù ní ó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Kí ló dé tí aláìṣẹ̀ yóò fi jẹ́wọ́?”

Ìbéèrè lọ́yà obìnrin yẹn ni. Ó ti yí gbogbo ayé ká, ó tún padà wá bá mi nílé.

Mo kúrò lórí àga. Ẹ mọ bí orúnkún mi ṣe rí. Mo kúnlẹ̀ síwájú Ràlí, ọmọ tí mo tó bí. Àwọn àlejò lọgun, “Haba, Bàbá!” Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí òwe tí mo pa ní ṣọ́ọ̀bù, dórí orí tí mo mì, dórí ìyá oníṣu, dórí “n kò mọ̀.” N kò fi ọ̀rọ̀ kan pamọ́.

Ràlí kò sunkún. Ó ní, “Bàbá, mo ti mọ̀. Lọ́yà yẹn lọ bá bàbá mi lẹ́wọ̀n, ó ní òun bi ògbufọ̀, ògbufọ̀ ní òun kò mọ̀. Kí bàbá mi tó kú ni wọ́n sọ ọ́ fún mi.”

Mo ní, “Ó mọ̀, ó sì ń fi ẹran ránṣẹ́ sí mi?”

“Wọ́n ní aago tó bá dákẹ́, ènìyàn kì í là á mọ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀ là ń tún un ṣe. Wọ́n ní kí n máa gbé ẹran wá lọ́dọọdún, títí ẹ ó fi fi ẹnu yín sọ ọ́. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí ẹ bá sọ ọ́, kí n gba abọ́ wa, kí n máa lọ.”

Ó na ọwọ́. Abọ́ Iléyá ọdún náà ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, n kò tíì dá a padà. Tọ́pẹ́ gbé e wá. Mo ń wò yíká láti orí ìkúnlẹ̀, mo ń wá ohun tí n óò fi sínú rẹ̀, ọsàn, iyọ̀, ohunkóhun. Ràlí ní, “Ẹ má fi nǹkan kan sí i, Bàbá.” Ó gbé e lófìfo, ó kí àwọn àlejò, ó jáde.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí kóòtù, kóòtù tí mo ti ṣiṣẹ́. Tọ́pẹ́ ti kọ gbogbo ohun tí mo sọ sínú ìwé. Ògbufọ̀ tuntun ló gbé Bíbélì lé mi lọ́wọ́, kò mọ̀ mí. Mo búra sí i, mo fọwọ́ sí i, mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Ìlọrin. Wọ́n fún Ìdìrísù ní ọmọ wọn. Wọ́n pè mí síbi ìgbéyàwó, mo lọ. Ràlí kúnlẹ̀ kí mi gẹ́gẹ́ bó ṣe kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀, ó kọjá. Ara mi ìbá fúyẹ́, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ òní tí wọ́n ti yídì dé, mo jókòó síbí, mo ń wo ọ̀nà. Mo ń wo ọ̀nà fún ẹran tí n kò jẹ rí.

Ẹ lọ kó àwọn abọ́ yẹn padà sínú ilé. Ẹ da àlùbọ́sà sínú ẹ̀wà, ẹ má jẹ́ kó ṣòfò.

Tọ́pẹ́ dúró díẹ̀. Ìwọ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìwọ àti Ìdìrísù lẹ fà mí lápá sókè. Ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin kọ́ lẹ ni ẹjọ́. Ràlí gbé abọ́ rẹ̀, ó jáde, kò sì ní kí n dìde.

Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Èmi náà ni mo pa òwe yẹn. Mo ṣì wà níbẹ̀.